Mo Pe Ẹni Tó Wá Sin Gbèsè ní Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi

Irọ́ ni mo pa, irọ́ náà sì ti pé oṣù mẹ́ta báyìí. Ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi láràárọ̀, ó ń bá mi jẹun, ó ń béèrè bí mo ṣe sùn. Ẹ̀yin òǹkàwé ojú ewé yìí, mo máa ń ka lẹ́tà àwọn ẹlòmíràn níbí, mo sì máa ń rò ó pé kí ló lè mú kí ènìyàn gbé ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ fún gbogbo ayé kà... òní ni mo tó mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún ni. Ẹ má wulẹ̀ wá orúkọ mi. Ọkùnrin ni mí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń gbé, nínú ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ nígbà tó kú. Mo ti jáde yunifásítì, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ọdún kejì rèé tí mo ti ń wáṣẹ́. Ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ni mo kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Bí gbèsè náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Mo kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ títí owó sítáǹbù fi di ìnira, gbogbo ọ́fíìsì ń lé òṣìṣẹ́ dípò kí wọ́n gba ẹni tuntun. Ni mo bá jókòó lọ́jọ́ kan, mo fi ìwé àti bírò ṣe ìṣirò. Gàrí wọ́n gan-an lọ́dún náà, àwọn ènìyàn ń tò fún un bí ìgbà tí wọ́n ń tò fún kẹrosíìnì. Mo rò ó pé bí mo bá lè kó gàrí jọ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ kí n fi pamọ́ fún oṣù méjì péré, èrè tí màá rí á tó mi í bẹ̀rẹ̀ ayé. Lórí ìwé, kò sí ibi tí ìṣirò náà ti kùnà, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Mo lọ bá bàbá kan ládùúgbò wa tó ń yáni lówó èlé, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni. Kò gba ilẹ̀, kò gba ẹ̀wù, ó ní ìwé-ẹ̀rí yunifásítì mi ni kí n fi dúró. Mo gbé e fún un, òun àti ìwé-ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ mi. Ó kó wọn sínú àpótí irin, ó tì í, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Owó rẹ̀ ni mo fi háyà ọkọ̀, tí mo fi ra àpò, tí mo sì fi san díẹ̀ lára owó gàrí. Èyí tó kù, àwìn ni mo gbà á.

Obìnrin tó fún mi láwìn, mo máa pè é ní Ìyá ṣáá, nítorí kò sí ohun tó ṣe tí orúkọ rẹ̀ fi yẹ kó jáde nínú ìwé. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, òun àti àwọn obìnrin mẹ́fà kan ló jọ ń yan gàrí lábẹ́ àtíbàbà kan, wọ́n jọ ni agbada, wọ́n jọ ni irin tí wọ́n fi ń fún omi ẹ̀gẹ́. Kò mọ̀ mí rí. Bàbá mi ló mọ̀. Bàbá mi ṣe tíṣà ní ilé ìwé ìjọ níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, ó kọ́ ọmọ Ìyá méjì níwèé. Nígbà tí mo dárúkọ rẹ̀, Ìyá wo ojú mi, ó ní imú Tíṣà rèé, ó sì yíjú sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n kó gàrí wá, pé ọmọ Tíṣà kò lè jẹ owó olówó. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo rò pé ìwé tí mo kà ni wọ́n rí lójú mi tí wọ́n fi gbà mí gbọ́... imú bàbá mi ni wọ́n rí.

Àṣìṣe tí mo ṣe, ọmọdé Ìjẹ̀bú kan kò lè ṣe é. Gàrí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lórí iná, wọ́n máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó tutù dáadáa kí wọ́n tó rọ ọ́ sápò. Ìyá ní kí n jẹ́ kó di ọ̀la. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí mo háyà ti dé, awakọ̀ ń fọn fèrè, owó ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo san fún un, mo ní kí wọ́n rọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá ní, ọmọ mi, ooru ṣì wà nínú rẹ̀. Mo ní, Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ, ooru náà á jáde lójú ọ̀nà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún obìnrin tó ti ń yan gàrí kí n tó dáyé. Mo kó o délé, mo tò ó sínú yàrá bàbá mi lórí sìmẹ́ńtì láìfi pákó sábẹ́ rẹ̀, mo sì ti fèrèsé pa kí eku má bàa wọlé. Oṣù méjì ni mo fi ń retí kí owó rẹ̀ gòkè. Kò gòkè. Gbogbo ayé ló ti gbin ẹ̀gẹ́ nígbà tí gàrí wọ́n, gbogbo rẹ̀ sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí mo sì tú àpò àkọ́kọ́, gàrí ti dì gbagidi, ó ti bu, àwọ̀ rẹ̀ ti dà bí eérú. Mo tú ìkejì. Mo tú ìkẹta. Mo jókòó sáàárín àwọn àpò náà títí ilẹ̀ fi ṣú... èyí tó ṣeé tà níbẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Mo tà á, mo fi san èlé díẹ̀, mo fi ìyókù ránṣẹ́ sí Ìyá, mi ò sì tún yọjú sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà ló ṣẹ́kù tí mo jẹ níbẹ̀. Owó bàbá olówó èlé ní tirẹ̀ ń wú lóṣooṣù bí gàrí inú omi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe wà nígbà náà, kí ẹ lè mọ ìdí tí mo fi pa irọ́ tí mo pa. Ìyá mi tó bí mi wà ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ó lọ bá a tọ́jú ọmọ tuntun, wọ́n sì ní kó kúkú dúró. Kò mọ nǹkan kan. Ó rò pé ọjà gàrí ń lọ déédéé, ó máa ń fi kún lẹ́tà rẹ̀ pé kí n má gbàgbé ìdámẹ́wàá. Ìdámẹ́wàá kí ni? Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti lọ sí Èkó. Lákọ̀ọ́kọ́ wọ́n ń kọ lẹ́tà sí mi, nígbà tó yá wọ́n ń kí mi nínú lẹ́tà ẹlòmíràn, nígbà tó yá kò sí mọ́. Mo ṣíwọ́ lílọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nítorí mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ pe àwa tí a jáde yunifásítì síwájú láti wá dáwó òrùlé. Mo lọ sí Ayépé lọ bá àbúrò bàbá mi, kí n tó la ẹnu ó ti ń sọ fún mi pé iṣu kò ta lọ́dún yìí, pé ẹni tó kàwé nínú ẹbí ló yẹ kó máa ro ti ẹbí. Ó di ọsàn mẹ́wàá sínú ọ̀rá fún mi. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jẹ ọsàn náà, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rin yẹn àfi ẹ káàárọ̀ fún ìyàwó télọ̀ tó háyà yàrá iwájú. Ṣé ẹ ti gbọ́ ohùn ara yín rí lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin bẹ́ẹ̀? Ó máa ń ha. Ó máa ń dà bíi pé ẹlòmíràn ló wà nínú yàrá.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni mo ṣílẹ̀kùn tí mo bá Ìyá lórí bẹ́ńṣì ẹnu ọ̀nà mi. Kò kan ilẹ̀kùn. Mi ò mọ ìgbà tó ti dé. Ó gbé igbá ẹ̀gúsí lé itan, ó ń bó o. Ìyá mi àgbà ti sọ fún wa rí pé láyé àtijọ́, bí ènìyàn bá jẹ gbèsè tí kò san, olówó á rán ológò lọ sílé rẹ̀. Ológò á jókòó síbẹ̀, á máa pariwo, á máa pa adìẹ onílé jẹ, kò sì ní dìde títí owó á fi jáde. Ohun tí wọ́n ń pè ní kí wọ́n dógò tini nìyẹn. Mo rò pé àwọn òyìnbó ti fòpin sí i. Ìyá kò pariwo ní tirẹ̀, kò sì sí adìẹ tó máa pa. Ó ní òun wá wo ojú mi ni, nítorí ojú mi ti wọ́n ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ó sì ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. Bí ìyàwó télọ̀ ṣe ń gbé omi kọjá nìyẹn, ó kí Ìyá, ó wò mí, ó ní ta ni àlejò wa. Ẹ̀yin ará, mi ò ronú... ẹnu mi ló sọ ọ́. Mo ní ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, láti Ayépé. Ọwọ́ Ìyá dúró lórí ẹ̀gúsí. Ó gbójú sókè, ó wò mí, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò. Mo ti ń gbọ́ ohun tó máa sọ nínú etí mi kó tó sọ ọ́. Àfi ìgbà tó yíjú sí obìnrin náà tó ní, “Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ wa o. Ó dà bíi pé ó rù, àbí ojú tèmi ni?” Ni àwọn méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí mo ṣe rù tó. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá. Ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ kúrò ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ló máa ń wọ̀, ìgbà tí oòrùn bá fẹ́ wọ̀ ló máa ń padà, ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni kì í wá. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kó tó dìde nírọ̀lẹ́, ó máa ń béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ǹjẹ́ a rí nǹkan lónìí? Mo máa ní a ò rí, Màmá. Ó máa ní ó dáa, á di ọ̀la. Lẹ́yìn náà kò béèrè mọ́, èyí sì le fún mi ju bíbéèrè lọ. Nígbà tó rí i pé gàrí láìsí ṣúgà ni mò ń mu láàárọ̀ àti lálẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìkọ́kọrẹ́ wá nínú abọ́ onídèérí. Ṣé ó yẹ kí n jẹ ẹ́? Mo jẹ ẹ́. Mo jẹ owó rẹ̀, mo tún jẹ oúnjẹ rẹ̀. Télọ̀ bá wa níbi tí a ti ń jẹun lọ́jọ́ kan, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n yá òun ní ẹ̀gbọ́n bàbá kan, tòun kì í ṣe ju kó wá tọrọ aṣọ lọ. Ìyá ní ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ yìí kò ṣeé yá, ẹni tó bá yá a kò ní lè dá a padà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ń wolẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, bàbá olówó èlé wá. Ó dúró láàárín àgbàlá, ó gbé ohùn sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́, ó ń pè mí ní ọmọ yunifásítì, ọmọ yunifásítì, jáde kí a rí ọ. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí Ìyá kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní òun ni ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà, kí ló ṣẹlẹ̀. Bàbá ní mo gbówó òun. Ìyá béèrè bóyá ó gba nǹkan kan dúró. Bàbá ní ìwé-ẹ̀rí mi wà lọ́wọ́ òun. Ìyá ní, “Ẹ̀n-ẹ́n. Gbogbo ìwé tí ọmọ kà ti wà nínú àpótí yín. Ẹ kúkú mú un jáde kí ẹ̀yin náà fi wáṣẹ́, bàbá. Tí wọ́n bá gbà yín, ẹ yọ owó yín níbẹ̀, kí ẹ fi ṣẹ́ńjì ránṣẹ́ sí wa.” Télọ̀ rẹ́rìn-ín débi pé ó fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ nìka. Bàbá náà fúnra rẹ̀ ń kó ẹ̀rín sẹ́nu. Ó ní òun fún mi di òpin oṣù yìí, bí mi ò bá wá, òun á dáná sun ìwé náà, ó sì lọ. Ẹ má bínú, ọkùnrin ni mí ṣùgbọ́n mo sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Ẹni tí mo jẹ lówó jù ló ń gbà mí sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí mo tún jẹ lówó. Ta ni mo fẹ́ lọ ṣàlàyé ìyẹn fún?

Ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ gan-an ni èyí tí mò ń bọ̀ wá sọ yìí, ó ń tì mí lójú ju gbèsè lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í retí rẹ̀. Mo máa ń gbá ẹnu ọ̀nà kó tó dé, mo máa ń nu ìrì kúrò lórí bẹ́ńṣì. Tí mo bá gbọ́ ọkọ̀ lójú títì, ọkàn mi máa ń fò sókè, kì í ṣe ìbẹ̀rù, mo mọ bí ìbẹ̀rù ṣe rí. Mo jókòó tì í, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń bó ẹ̀gúsí, ó ní ọwọ́ mi lọ́ra bíi ti ọba. Ó ń sọ ìtàn bàbá mi fún mi, bàbá mi tí mi ò mọ̀ dáadáa nítorí mo kéré nígbà tó kú. Ó ní kò mọ orin í kọ rárá, ṣùgbọ́n òun náà ló máa ń dá orin ní ilé ìwé, àwọn ọmọ á sì gbè é lọ́nà òdì bó ṣe dá a. Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ìyẹn fún mi rí nínú ẹbí wa. Ọjọ́ Ìsinmi wá gùn jù fún mi, mo máa ń dùbúlẹ̀ kí ọjọ́ Ajé lè tètè dé. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìbátan mi. Mo mọ̀ pé owó ló wá gbà. Mo ń sọ ọ́ fún ara mi lójoojúmọ́... kí ló dé tí kò wọ̀ mí lára?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, lẹ́tà dé láti ìpínlẹ̀ kan lókè ọ̀hún ní ilẹ̀ Hausa. Wọ́n gbà mí síṣẹ́ tíṣà ní ilé ìwé girama, kí n dé kí oṣù yìí tó parí, kí n sì mú ojúlówó ìwé-ẹ̀rí mi dání. Ìyá ló gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ onílẹ́tà nítorí mi ò sí nílé, ó dì í mọ́ ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ kó má bàa sọnù. Ó gbé e fún mi, kò mọ̀wé kà, ó ń wo ojú mi bí mo ṣe ń kà á. Ó ní ṣé ìròyìn ayọ̀ ni? Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ló ń kí mi láti Èkó. Ó ní ó mà dáa, ó ní òun ti ń rò ó pé ṣé mi ò lọ́rẹ̀ẹ́ ni. Kí ló dé tí mo purọ́? Mo kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi nípa iṣẹ́ náà, mi ò sọ nǹkan kan nípa gbèsè. Ó fi irinwó náírà ránṣẹ́ nípasẹ̀ awakọ̀ kan tó mọ̀, ó ní kí n fi wọkọ̀, kí n fi jẹun títí owó oṣù á fi jáde, ó ní ìyá wa jó nínú pálọ̀. Owó bàbá olówó èlé ti di ọ̀ọ́dúnrún ó lé àádọ́ta. Bí mo bá fi gba ìwé-ẹ̀rí mi, èyí tó ṣẹ́kù á kàn gbé mi débẹ̀ ni. Mo sì ti gbọ́ pé lọ́hùn-ún, tíṣà lè ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́rin kó tó rí owó oṣù àkọ́kọ́. Síbẹ̀ mo pinnu pé màá lọ. Mo ní màá máa fi owó ránṣẹ́ sí Ìyá láti ibẹ̀. Mo ní màá lọ lọ́jọ́ Ìsinmi, nítorí kì í wá lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ̀yin náà rí i.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni gbogbo rẹ̀ dà rú mọ́ mi lọ́wọ́. Ìyá gbé ẹ̀gúsí tó ti bó lọ sọ́jà, èmi nìkan ni mo wà lórí bẹ́ńṣì. Obìnrin kan wọlé, ó sanra, ó fi ìborùn nu òógùn, ó dúró níwájú mi, ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, “Ṣé ìwọ ni ọmọ Tíṣà?” Mo ní èmi ni, mà. Ó ní, “Ìyá sọ fún wa pé àìsàn dá ọ gúnlẹ̀, pé o kò lè dìde, òun ló ń fún ọ lómi mu. Àìsàn yìí mà ń mú ara rẹ dán.” Ó jókòó láìjẹ́ pé mo ní kó jókòó, ó sì sọ ohun tí mi ò mọ̀ fún mi, kò bínú, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ti rẹ̀. Gàrí tí mo kó lọ kì í ṣe ti Ìyá nìkan. Ti àwọn mẹ́fà tó kù wà níbẹ̀, tòun náà wà níbẹ̀, owó ilé ìwé ọmọ òun ni. Ìyá ló dúró fún mi. Nígbà tí mi ò san, wọ́n ní kí Ìyá má fọwọ́ kan agbada mọ́, kó má wọ abẹ́ àtíbàbà títí á fi mú ìdajì wá. Wọ́n sì pín ọjọ́ láàárín ara wọn, ẹnì kan nínú wọn á lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà Ìyá láràárọ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo gbọ́? Àwọn náà dógò ti Ìyá. Ìdí tó fi ń wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, ó fẹ́ jáde nílé kí ẹni tó máa jókòó tó dé. Ẹ̀gúsí tí mo rò pé ó fi ń ṣeré ọwọ́, ti olówó ẹ̀gúsí kan lọ́jà ni, ó ń bó o gba owó lórí kóńgò, òun ló fi ń san owó ọkọ̀, òun ló fi ń ra iṣu ewùrà tó fi ń se ìkọ́kọrẹ́ fún mi.

Obìnrin náà dìde. Ó ní òun pàdé ìyàwó télọ̀ lẹ́nu géètì, ó sọ fún òun pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò sí nílé. Ó ní, “Ìyá ti gbà láti jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. Ṣé ìwọ náà ti gbà láti jẹ́ ọmọ?” Kò dúró gbọ́ èsì. Nígbà tí Ìyá dé, mi ò sọ fún un pé ẹnikẹ́ni wá. Mo gba igbá lórí rẹ̀. Ó ní ojú mi pọ́n, mo ní eruku ni.

Irinwó náírà lé díẹ̀ ní ìdajì gbèsè wọn. Bí mo bá gbé e fún Ìyá lónìí, ó lè yan gàrí lọ́la. Ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí mi á jóná, iṣẹ́ á lọ, ọdún kẹta ìwáṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀, kí ni màá sì fi san ìyókù? Bí mo bá gba ìwé-ẹ̀rí mi tí mo lọ, bóyá màá lè san gbogbo rẹ̀ láàárín ọdún kan. Bóyá. Èmi tí mo ní ooru á jáde lójú ọ̀nà, ta ló máa gba bóyá lọ́wọ́ mi? Mo lè kọ̀wé sí ìyá mi. Ó ní igi obì díẹ̀ ní Ìbẹ̀fún tó jogún lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, mo mọ̀ pé á tà á láìbéèrè nǹkan kan, òun nìkan ló sì ní láyé yìí. Èyí tó wá burú jù ni pé nígbà tí mo ka irinwó náà tán tí mo rò ó pé mo lè san ìdajì fún Ìyá, ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn mi ni pé kò ní wá mọ́. Ẹ wò ó. Wọ́n ti lé e kúrò níbi iṣẹ́ rẹ̀ nítorí mi, inú èmi sì ń bàjẹ́ pé ó lè padà síbẹ̀. Irú ènìyàn wo ni mo jẹ́? Ṣé ìdáwà lè sọni dà bẹ́ẹ̀, àbí bí mo ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn?

Lánàá, nígbà tó ń di ẹrù rẹ̀ àtilọ, ó ní òun fẹ́ bẹ̀ mí ní nǹkan kan. Ìyá ló fẹ́ bẹ̀ mí. Ó ní kí n bá òun dé Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ lọ́jọ́ kan kí oṣù yìí tó parí, ọjọ́ tí ara mi bá gbà. Ó ní kì í ṣe torí owó. Àwọn kan wà tí òun fẹ́ kí wọ́n rí mi, kí n fi ẹnu ara mi kí wọn, nítorí ó ti sú òun láti máa dá dúró níwájú wọn. Kò sọ ẹni tí wọ́n jẹ́, kò mọ̀ pé mo ti mọ̀. Mo ní màá rò ó, Màmá. Ó ní kò burú, ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà fún un, mo mọ ohun tó máa sọ. Á ní kí n máa lọ. Á tún dì mí lóúnjẹ dání. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n lè sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ gbèsè rí, ẹ̀yin tí wọ́n ti jẹ ní gbèsè, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń yan gàrí tí ọmọ yín bá ń ka èyí fún yín, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n gba ìwé-ẹ̀rí mi kí n lọ ni? Ṣé kí n gbé owó náà fún Ìyá? Ṣé kí n tẹ̀lé e dé iwájú àwọn obìnrin yẹn lọ́wọ́ òfo, kí n dúró tì í kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá fẹ́ sọ sí mi? Onílẹ́tà máa ń kọjá níwájú ilé wa ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, olóòtú sì mọ àdírẹ́sì mi. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi. Ẹ ṣáà dá mi lóhùn kí oṣù tó parí.